Lẹ́tà sí Àbúrò Tó Ń Kọ́ Perl ní Ìjerò

Nínú Perl, iye tí ẹni tó pe function kò fi ránṣẹ́ rárá yàtọ̀ sí undef tó mọ̀ọ́mọ̀ fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá pò wọ́n mọ́ra yóò ba àkọsílẹ̀ jẹ́ láìfura.

Function tó ń kọ ìwọ̀n òjò sílẹ̀ máa ń fi èyí hàn kedere. ko_ojo("Aramoko", 0) túmọ̀ sí pé òjò kò rọ̀ ní Arámọ̀kọ lọ́jọ́ náà. ko_ojo("Efon", undef) sọ pé wọ́n yẹ ìwọ̀n wò ní Ẹ̀fọ̀n, àmọ́ wọn kò rí iye tó ṣeé gbà gbọ́. ko_ojo("Ijero") ní tirẹ̀ kò sọ nǹkan kan nípa òjò.

Inú @_ ni Perl ń kó gbogbo ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí. Bí a bá kọ my ($ilu, $mm) = @_; undef ni $mm yóò jẹ́ fún Ẹ̀fọ̀n àti Ìjerò bákan náà, nítorí náà defined kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Iye ohun tó wà nínú @_ ló lè yà wọ́n: bí @_ < 2 bá jẹ́ òótọ́, wọn kò fi ìwọ̀n ránṣẹ́. Kí a tó lo shift ni ká ti kà á, torí shift ń dín @_ kù.

Àmì || léwu jù lọ fún iye àfirọ́pò. Irọ́ ló ka 0 sí, yóò sì pa àkọsílẹ̀ Arámọ̀kọ rẹ́. Àmì //, tó dé pẹ̀lú Perl 5.10 ní 2007, ń dá 0 sí, undef nìkan ló ń rọ́pò. Síbẹ̀ kò mọ Ẹ̀fọ̀n yàtọ̀ sí Ìjerò.

Signature, ìyẹn àkójọ orúkọ àwọn iye tí function ń gbà, tó kọ́kọ́ dé fún ìdánwò nínú 5.20 ní 2014, fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú 5.36 ní 2022. Nínú sub ko_ojo ($ilu, $mm = 0), ìgbà tí wọn kò bá fi nǹkan ránṣẹ́ nìkan ni 0 ń wọlé; undef tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ń dúró bẹ́ẹ̀. Láti 5.38 ní 2023, $mm //= 0 nínú signature ń rọ́pò méjèèjì. Bí signature kò bá ní iye àfirọ́pò, Perl fúnra rẹ̀ yóò dá ìpè tí kò pé dúró. Bí hash bá ni wọ́n fi ń ránṣẹ́, exists ń béèrè bóyá orúkọ náà wà, defined ń béèrè bóyá ó ní iye.

Nítorí náà, kí àbúrò kọ́kọ́ pinnu ìtumọ̀ ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó kọ ọ́ sínú àlàyé function, kó tó yan àmì. Kó má sì fi 0 ṣe àfirọ́pò fún ìwọ̀n òjò láé: ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò jábọ̀ yóò di ọjọ́ ọ̀dá.