Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ìmọ̀ràn Fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tó Ń Tọ́jú Server

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ yan iṣẹ́ títọ́jú server láàyò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò pè yín láàárọ̀ kùtù pé ìkànnì ò ṣí mọ́, pé ó kàn ń yí bírí bírí ni. Ẹ ó wọ orí ẹ̀rọ, ẹ ó tẹ top, ẹ ó sì rí process Apache tàbí ti PHP tó tò lọ rẹrẹẹrẹ, ó lé ní igba. Ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn ni pé kí ẹ pa gbogbo wọn. Nítorí ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Process tó pọ̀ lápọ̀jù kì í sábà jẹ́ àrùn fúnra rẹ̀. Nǹkan kan ni wọ́n ń dúró dè. Iṣẹ́ yín ni láti mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè kí ẹ tó gbé ọ̀bẹ.

1. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé server ló ń falẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìkànnì tí a ń lò nílẹ̀ wa, òkè òkun ni ẹ̀rọ wọn wà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, mẹ́rin nínú àwọn okùn abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bàjẹ́ nítòsí Abidjan: WACS, ACE, MainOne àti SAT-3. Ẹni tó bá ń pa server rẹ̀ tó ń tún un tàn lọ́jọ́ náà, asán ló ń ṣe. Ẹ wọ inú server náà, kí ẹ fi curl béèrè ojú ewé kan láti ibẹ̀. Bó bá yára níbẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń falẹ̀ lórí fóònù yín, ojú ọ̀nà ni wàhálà wà. Bó bá ń falẹ̀ níbẹ̀ náà, ẹ máa bá mi bọ̀.

2. Ẹ gba ẹ̀rí sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ darí ohun tí ps auxf bá sọ sínú fáìlì kan. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún vmstat, kí ẹ sì gba àwọn ìbéèrè tí database ń dáhùn lọ́wọ́ sílẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀gá yóò ti máa pariwo, oníbàárà yóò ti máa bú. Ẹ bẹ̀ wọ́n fún ìṣẹ́jú kan yẹn. Bí ẹ bá tún ẹ̀rọ tàn láìgba ẹ̀rí, gbogbo nǹkan á dára fún wákàtí mélòó kan, àìsàn náà á sì padà wá bá yín láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

3. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka load average dáadáa. Nọ́ńbà mẹ́ta ni: ti ìṣẹ́jú 1, ti ìṣẹ́jú 5, ti ìṣẹ́jú 15. Bí àkọ́kọ́ bá ju ìkẹta lọ, nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń burú sí i ni. Bó bá kéré sí i, ó ti ń rọlẹ̀. Ẹ fi wé iye core tó wà lórí ẹ̀rọ, èyí tí nproc yóò sọ fún yín. Load 4 lórí core 8 kì í ṣe ìròyìn. Lórí core 1, ìyọnu ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: lórí Linux, kì í ṣe àwọn tó ń lo CPU nìkan ni load ń kà. Láti ọdún 1993 ló ti ń ka àwọn tó ń dúró de dísìkì mọ́ wọn. Nítorí náà, load lè di 40 kí CPU sì jókòó láìríṣẹ́ ṣe. Ẹ wo lẹ́tà tó wà lábẹ́ STAT nínú ps. R ń ṣiṣẹ́ tàbí ó ń dúró de CPU. S ń sùn, ó ń retí nǹkan. D ń dúró de dísìkì tàbí ohun tó jọ ọ́, kill -9 pàápàá kì í sábà ràn án. Z ti kú, ìyá rẹ̀ ni kò tíì gba ìròyìn ikú rẹ̀. Kò jẹ mẹ́mórì, kò jẹ CPU, ẹ ò sì lè pa òkú. Ìyá rẹ̀ ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò. Bí D bá pọ̀, ẹ kọjú sí dísìkì àti swap. Bí R bá pọ̀, ẹ kọjú sí kóòdù. Bó bá jẹ́ pé S ló pọ̀ jù, tí ìkànnì sì ń falẹ̀, ẹlòmíì ni wọ́n ń dúró dè, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé database tàbí ẹ̀rọ mìíràn níta ni.

4. Ẹ má yára fi kún iye process. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ. Nígbà tí àyè bá kún, Apache yóò kọ ọ́ sínú error log pé òun ti dé òpin MaxRequestWorkers, yóò sì dá a lábàá pé kí ẹ ronú àtifi kún un. PHP-FPM náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa pm.max_children. Ọ̀dọ́ á ka èyí, á sọ 150 di 500, server tó ń rìn jẹ́jẹ́ á sì dákú pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ní ọdún 1961, John Little, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rí ìṣirò hàn pé iye àwọn tó wà nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà jẹ́ iye àwọn tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lọ́nà iye ìṣẹ́jú àáyá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò nínú ilé. Bí ìbéèrè 20 bá ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba ìṣẹ́jú àáyá 0.2, process 4 péré ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ká wá ní nǹkan kan sọ 0.2 di ìṣẹ́jú àáyá 6. Èrò ò pọ̀ sí i, ìbéèrè 20 náà ṣì ni, ṣùgbọ́n process ti di 120. Kò sí ẹni tó gbógun tì yín. Nǹkan kan ló falẹ̀ lẹ́yìn wọn.

Ẹ wo ilé alámàlà lọ́sàn-án. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń ro àmàlà nínú ìkòkò kan ṣoṣo, kí wọ́n gba ọmọ mẹ́wàá sí i láti máa gbé àwo kò lè mú oúnjẹ yá. Wọ́n á kàn máa kọlu ara wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ni. Database yín ni ẹni tó ń ro àmàlà. MySQL, bí ẹ ò bá yí i padà, ìsopọ̀ 151 ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Tí Apache bá wá rán 500 sí i, àwọn tó kù á bá ilẹ̀kùn ní títì, ojú ewé àṣìṣe ni oníbàárà yóò sì rí dípò ojú ewé tó ń falẹ̀.

5. Ẹ ṣírò mẹ́mórì kí ẹ tó yan nọ́ńbà kankan. Bí process PHP kan bá ń jẹ 60MB, tí ẹ sì fi MaxRequestWorkers sílẹ̀ ní 256 gẹ́gẹ́ bí Apache ṣe gbé e wá, 256 lọ́nà 60 jẹ́ 15,360MB. Server yín ńkọ́? 4GB. Ọjọ́ tí èrò bá pọ̀, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kó mẹ́mórì lọ sínú swap lórí dísìkì, gbogbo nǹkan á sì wúwo. Ẹ tẹ vmstat 1, kí ẹ fojú fo ìlà àkọ́kọ́ nítorí pé ìpíndọ́gba láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti tàn ni, kí ẹ wá wo si àti so. Bí méjèèjì ò bá kúrò ní 0, kò sí swap tó ń jà. Bí nọ́ńbà bá ń tú jáde níbẹ̀ láìdáwọ́ dúró, ẹ dín process kù lójú ẹsẹ̀. Lórí 4GB yẹn, ẹ yọ 1.5GB fún database àti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Èyí tó kù gba bí 40. Ó lè dà bíi pé 40 kéré, ṣùgbọ́n 40 tó ń yára sàn ju 256 tó ń rì lọ. Bí database bá sì ń kú láìsí ẹni tó pa á, ẹ wo dmesg: nígbà tí mẹ́mórì bá tán, Linux máa ń yan process kan pa, èyí tó tóbi jù ló sì sábà máa ń mú, MySQL ni ìyẹn sì máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà.

6. Ẹ lọ bá database. Ẹ tẹ SHOW FULL PROCESSLIST. Bí ẹ bá rí ìbéèrè kan náà ní ọgbọ̀n ìlà, tí Time wọn ń gòkè, ẹ ti rí ẹni tí ẹ ń wá. Ká sọ pé ọjọ́ tí èsì ìdánwò jáde ni, gbogbo ọmọ ń fi nọ́ńbà ìdánwò wá èsì tirẹ̀. Ẹ kó ìbéèrè náà sẹ́yìn EXPLAIN. Bí ẹ bá rí ALL lábẹ́ type, tí rows sì ń sọ 900,000, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, MySQL ń ka àkọsílẹ̀ gbogbo ọmọ láti òkè dé ilẹ̀. Kò sí index lórí nọ́ńbà ìdánwò. Ẹ ṣe index náà, kí ẹ tún EXPLAIN wò: rows á di 1. Àwọn process tó ń dí ẹnu ọ̀nà á tú ká láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìpa ẹyọ kan nínú wọn. Inú mi máa ń dùn nígbàkígbà tí mo bá rí i.

Ẹ má retí pé MySQL á fúnra rẹ̀ sọ fún yín. Wọn kì í tan slow query log rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹ bá sì tan án, ìṣẹ́jú àáyá 10 ni ìbéèrè gbọ́dọ̀ kọjá kó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ sọ long_query_time di 1.

7. Ẹ fi òpin sí iye àsìkò tí ẹ máa fi dúró de ẹlòmíì. Ìkànnì tó ń gba owó máa ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tó ń bá a gba owó. Èyí tó ń fi ìwé ránṣẹ́ sórí fóònù máa ń bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀rọ yẹn bá falẹ̀, tiyín á dúró tì í. Ọ̀pọ̀ rò pé max_execution_time PHP, tó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 30, á gbà wọ́n. Kò lè gbà wọ́n: lórí Linux, àsìkò tí PHP fi ń dúró de ìdáhùn láti ìta tàbí láti database kò sí nínú ohun tó ń kà. CURL ní tirẹ̀ ń fún ìsopọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 300, lẹ́yìn tó bá sì ti so pọ̀, bí ẹ ò bá sọ fún un, kò ní òpin kankan. Ẹ kọ CURLOPT_CONNECTTIMEOUT àti CURLOPT_TIMEOUT sínú gbogbo kóòdù tó ń jáde lọ síta. Gbogbo rẹ̀ pátá.

8. Ẹ wo cron. Iṣẹ́ tí ẹ ní kó máa ṣe ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, bó bá ń gba ìṣẹ́jú méje, kejì á bẹ̀rẹ̀ kí àkọ́kọ́ tó parí, wọ́n á sì máa gorí ara wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ fi flock -n síwájú rẹ̀.

9. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ tó dènà àdírẹ́sì ẹnikẹ́ni. Lóòótọ́, róbọ́ọ̀tì máa ń ya wọ ìkànnì, access log sì máa ń fi wọ́n hàn. Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì IP kan ṣoṣo. Àdírẹ́sì tó béèrè ojú ewé 5,000 láàárín wákàtí kan lè jẹ́ ọmọ iléèwé tó pọ̀ bí eṣú, tí kálukú wọn ń wo èsì tirẹ̀ lórí fóònù. Ẹ fi whois wò ó mọ ẹni tó ni ín. Ẹ wo ohun tó ń béèrè: èèyàn ń ṣí àwòrán pẹ̀lú ojú ewé, róbọ́ọ̀tì kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí a lé àwọn tí a tìtorí wọn kọ́ ìkànnì.

10. Bó bá wá di dandan kí ẹ pa process, ẹ lo kill lásán ná, kó lè palẹ̀ mọ́ kó tó kú. Ẹ fi -9 sẹ́yìn pátápátá, ní pàtàkì lórí database. Fún Apache, apachectl graceful á jẹ́ kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ parí iṣẹ́ wọn kí àwọn tuntun tó rọ́pò wọn.

11. Ẹ mọ bí server yín ṣe máa ń rí nígbà tí ara rẹ̀ dá. Ẹ gbé sysstat sórí rẹ̀ lónìí, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti ń kọ nǹkan sílẹ̀ lóòótọ́. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ló máa ń kọ, sar lẹ ó fi máa kà á. Ẹ mọ iye tí load máa ń jẹ́ ní ọjọ́ Ajé láago mẹ́wàá àárọ̀, iye process tó máa ń wà, àti mẹ́mórì tó máa ń ṣẹ́ kù. Ẹ kọ wọ́n síbi tí ẹni tó bá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín náà ti lè rí wọn kà.