Omi Ìṣápá: Ahọ́n Tí Májèlé Kò Lè Pa

Ní Bantè àti ní Savalou, ọ̀pọ̀ ìyá ló ń ṣe gàrí. Gàrí sohoui ti Savalou lókìkí gan-an: ó kúnná, ó gbẹ, ó sì ń dún ní ẹnu.

Gbágùúdá ni wọ́n fi ń ṣe gàrí. Wọ́n á bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì rin ín. Wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta lé e lórí. Omi funfun á máa ro jáde. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á sì yan án nínú agbada.

Omi funfun yẹn léwu. Májèlé wà nínú gbágùúdá tútù. Bí ewúrẹ́ bá mu omi náà, ó lè kú. Síbẹ̀, àwọn ìyá sọ pé omi náà ń kan sí i lójoojúmọ́. Báwo ni ọmọ ṣe lè mọ̀ bẹ́ẹ̀ láì tọ́ ọ wò?

Ohun tí a ó lò

Ẹ̀kúnwọ́ ìṣápá pupa gbígbẹ kan, irú èyí tí a fi ń ṣe bísápù, ọsàn wẹ́wẹ́ kan, eérú igi, ife gíláàsì mẹ́ta, omi mímọ́. Kí àgbà kan wà níbẹ̀.

Bí a ó ṣe ṣe é

1. Kí àgbà náà se ìṣápá nínú omi fún ìṣẹ́jú 5. Nígbà tó bá tutù, ẹ sẹ́ ẹ.
2. Ẹ po ṣíbí eérú 2 mọ́ omi ife kan. Nígbà tí eérú bá silẹ̀, ẹ rọra da omi òkè rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ má jẹ́ kó kan ojú yín, torí ó ń ta ni.
3. Ẹ bu omi ìṣápá díẹ̀ sínú ife kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi omi là á.
4. Ẹ má fi nǹkan kan sí ife kìíní. Ẹ fún ọsàn sí ìkejì. Ẹ da omi eérú sí ìkẹta díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí a rí

Ife kejì pọ́n ju ti ìṣáájú lọ. Ife kẹta kò pupa mọ́: ó ti fẹ́ dà bí aró tàbí ewé. Ẹ má ṣe mu èyíkéyìí nínú wọn.

Ìdí rẹ̀

Àwọ̀ ìṣápá máa ń yí padà bó bá pàdé ohun kíkan tàbí omi eérú. Ní èdè Faransé, ohun kíkan ni acide. Omi eérú jẹ́ base. Ní 1664, Robert Boyle kọ ìwé kan nípa àwọ̀, ó sì fi irú àyípadà yìí hàn nínú omi òdòdó mìíràn.

Ẹ padà sídìí gàrí

Kí àgbà da omi gbágùúdá ọjọ́ kìíní sínú omi ìṣápá kan, kí ó da ti ọjọ́ kẹta sínú òmíràn, ní ìwọ̀n kan náà. Ti ọjọ́ kẹta ló máa pọ́n jù. Àwọn ohun abẹ̀mí tín-ín-tìn-ín tí ojú kò lè rí ti ń sọ gbágùúdá di kíkan. Ìṣápá ti bá wa tọ́ ọ wò.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ìṣápá ń sọ pé omi kan, kò sọ pé májèlé ti tán. Rírin ló ń tú májèlé sílẹ̀. Púpọ̀ á bá omi lọ, ooru agbada á sì lé ìyókù lọ sínú afẹ́fẹ́. Nítorí náà, ìyá tó mọṣẹ́ kì í fo ìkankan nínú iṣẹ́ yìí.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí a kì í tọ́ omi gbágùúdá wò?
2. Àwọ̀ wo ni omi ìṣápá ní lẹ́yìn tí a fi omi eérú sí i?
3. Kí ni ìwúlò ife kìíní tí a kò fi nǹkan kan sí?
4. Ẹ bi ìyá kan tó ń ṣe gàrí: ọjọ́ mélòó ló fi ń jẹ́ kó kan, kí sì nìdí rẹ̀?