Kọ́kọ́rọ́ Ìlà àti Àyè tó Ṣófo: Ẹ̀kọ́ fún Ẹni tó Ń Kó Ọ̀rọ̀ Jọ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ní Akpassi, lọ́dọ̀ àwọn àgbà, ni mo ti ń kó ọ̀rọ̀ Ìcà jọ sínú ìwé. Nígbà tí mo fẹ́ gbé e wọnú kọ̀ǹpútà, ìbéèrè méjì ló dá mi dúró.

1. Kí ni yóò dá ìlà kọ̀ọ̀kan mọ̀? Láti ọdún 1970 tí E. F. Codd ti IBM ti ṣàlàyé bí a ṣe ń to ìsọfúnni sínú àtẹ, ìlà kọ̀ọ̀kan ní láti ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, èyí tí a kọ́ wa lédè Faransé pé ó ń jẹ́ clé primaire. Kò gbọdọ̀ ṣófo, ìlà méjì kò sì gbọdọ̀ pín in lò. Ṣé ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ lè ṣe kọ́kọ́rọ́? Rárá o. Bí a bá gbàgbé àmì ohùn, ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀ àti ọkọ̀ ojú pópó di ọ̀kan náà. Nọ́ńbà lásán ló dára jù.

2. Àyè wo ló lè ṣófo? Ẹ wo àtẹ ISO 639-3, tó jáde ní 2007, tí àjọ SIL ń tọ́jú. Lẹ́tà mẹ́ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀: yor fún Yorùbá, ica fún Ìcà. Òpó Part1 wà fún lẹ́tà méjì: Yorùbá ní yo, Ìcà kò ní. NULL ni a ń pe irú àyè bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe òdo.

Ẹ ṣọ́ra! Bí ẹ bá kọ WHERE Part1 <> 'yo', Ìcà kò ní jáde. Kọ̀ǹpútà kò dáhùn «bẹ́ẹ̀ ni», kò dáhùn «rárá». «N kò mọ̀» ni ìdáhùn rẹ̀, «bẹ́ẹ̀ ni» nìkan ló sì ń kọjá. Ẹ fi OR Part1 IS NULL kún un.

3. Ohùn ńkọ́? Nínú àkọtọ́ wa, ohùn àárín kì í gba àmì. Nítorí náà, bí òpó ohùn bá ṣófo, ṣé ohùn àárín ni, àbí n kò gbọ́ ọ dáadáa? Mo ti ń kọ «àárín» síbẹ̀ báyìí; ohun tí n kò tíì gbọ́ nìkan ni mo ń fi sílẹ̀ ní NULL.

Ẹ má jẹ́ kí ohun tí a kò béèrè di ìdáhùn. Nígbà tí a ó bá padà lọ, àgbà tó sọ ọ́ lè má sí mọ́.