Ìdagẹ̀rẹ̀ Ìlà Títọ́ àti Ibi Tí Ó Ti Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kì í ṣe òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni a fi ń mọ bí nǹkan ti gbóná tó. Ní ọdún 1724, Daniel Fahrenheit, ẹni tí a bí ní ìlú Danzig, kéde òṣùwọ̀n tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Lórí òṣùwọ̀n yìí, omi a máa di yìnyín ní 32, a sì máa hó ní 212. Ní ọdún 1742, Anders Celsius, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Swídìn, gbé òmíràn jáde, ó sì pín àlàfo kan náà sí ọ̀nà 100. Gẹ́gẹ́ bí a ti ń lò ó lónìí, 0 ni omi ń di yìnyín, 100 ni ó ń hó.

Bí ara ọmọ kan bá gbóná lóru, tí ìyá rẹ̀ rí 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n tí ìwé ìlera ọwọ́ rẹ̀ ní kí a sá tọ dókítà lọ bí ó bá di 104 ti Fahrenheit, ìyá náà lè rò pé 40 kò tó nǹkan, kí ó sì fọwọ́ lẹ́rán. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbóná kan náà ni nọ́ńbà méjèèjì ń sọ. Ìlà títọ́ kan ni yóò fi èyí hàn.

René Descartes, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1637 so ìṣirò áljẹ́bírà pọ̀ mọ́ àwòrán ìlà. Nípa ọgbọ́n yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò fa ìlà ìbú fún Celsius àti ìlà òòró fún Fahrenheit, kí wọ́n pàdé ní òdo. Yóò fi àmì kan sí ibi tí 0 ìbú ti bá 32 òòró pàdé, yóò fi èkejì sí ibi tí 100 ti bá 212 pàdé, yóò sì fi rúlà so wọ́n pọ̀.

Nǹkan méjì ni a fi ń dá ìlà náà mọ̀. Èkíní ni ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èyíinì ni iye tí ó fi ń gòkè bí a bá rin ìṣísẹ̀ kan lórí ìbú. A ó yọ òòró àmì èkíní kúrò nínú ti èkejì: 212 − 32 = 180. A ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìbú: 100 − 0 = 100. Bí a bá fi 100 pín 180, a ó rí 1.8. Èkejì ni ibi tí ìlà ti gé òòró, níbi tí ìbú jẹ́ òdo: 32 ni. Nítorí náà:

F = 1.8C + 32

Fún ọmọ wa, 1.8 × 40 = 72; 72 + 32 = 104. Ẹni tí ó bá gbàgbé 32 yóò pe aláìsàn tí ara rẹ̀ ń jó bí iná ní ẹni tí òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa.

Àmì méjì yòówù tí a bá mú lórí ìlà náà, ìdagẹ̀rẹ̀ kì í yí padà. Ẹ jẹ́ kí a mú 37 àti 98.6, pẹ̀lú 40 àti 104: 5.4 ÷ 3 = 1.8. Bí a kò bá sì mọ ibi tí ìlà ti gé òòró, a ó wá a báyìí: 98.6 − (1.8 × 37) = 98.6 − 66.6 = 32.

Ìlà mìíràn a máa sọ̀ kalẹ̀. Celsius fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ fi 0 sí ibi tí omi ti ń hó, ó fi 100 sí ibi tí ó ti ń di yìnyín. Lẹ́yìn náà ni a yí i padà. Lórí òṣùwọ̀n àtijọ́ yẹn, ìdagẹ̀rẹ̀ jẹ́ (32 − 212) ÷ 100, èyíinì ni −1.8, ìlà sì gé òòró ní 212. Ẹni tí ó bá da ètò ìyọkúrò rú yóò sọ ìsọ̀kalẹ̀ di ìgòkè.

Ìbéèrè
1. Kí ni 39 ti Celsius jẹ́ lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit?
2. Ìlà kan gba àmì (2, 7) àti (5, 16) kọjá. Wá ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti ibi tí ó ti gé òòró.
3. Kí ni ìdí tí nọ́ńbà tí ó kéré fi lè sọ nípa ìgbóná tí ó léwu?