Ẹ Má Fa Orí Ọmọ Tí Èjìká Rẹ̀ Há

Gbogbo wa la fẹ́ràn ọmọ rọ̀bọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n ewu kan wà lójú ọ̀nà ọmọ tó bá tó kílò 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ aboyún ni kò sì gbọ́ nípa rẹ̀ rí títí ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Orí ọmọ á yọ, èjìká á há mọ́ egungun iwájú ìbàdí ìyá. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á rí i pé orí náà tún ń sún padà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ á lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ ojú ara ìyá rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìṣẹ́jú là ń kà.

Ibẹ̀ ni àìmọ̀kan ti ń ba ayé ọmọ jẹ́. Ẹnì kan á di orí mú, á máa fi agbára fà á. Ẹlòmíràn á da ara lé òkè ikùn ìyá, á máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ jáwọ́! Títẹ òkè ikùn ń ki èjìká mọ́ egungun sí i ni. Fífa orí lè já iṣan tó ti ọrùn wọ apá. Ọmọ lè yè é, kí apá kan rọ jọwọlọ, kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjú sẹ́yìn, kí ẹbí wá máa sọ pé ayé ló ṣe é.

Ohun tó yẹ ni kí agbẹ̀bí ké sí ìrànlọ́wọ́, kí wọ́n ká itan ìyá méjèèjì sókè mọ́ ikùn dáadáa, kí ọwọ́ mìíràn sì tẹ ìsàlẹ̀ ikùn, lókè egungun iwájú gan-an. Ọ̀pọ̀ èjìká ni èyí ń tú.

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì ni dídákẹ́. Ní Scotland lọ́dún 1999, Nadine Montgomery, obìnrin kúkurú tó ní àtọ̀gbẹ, sọ fún dókítà rẹ̀ pé títóbi ọmọ inú òun ń kọ òun lóminú. Nínú ọgọ́rùn-ún ìyá tó ní àtọ̀gbẹ, èjìká ọmọ bíi mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá lè há. Dókítà kò sọ ọ́, nítorí ó gbà pé iṣẹ́ abẹ ni yóò béèrè. Ìṣẹ́jú 12 kọjá láàárín ìgbà tí orí yọ àti ìgbà tí ara jáde. Afẹ́fẹ́ kò tó ọpọlọ ọmọ náà, ó di aláàbọ̀ ara. Lọ́dún 2015, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Britain dá ìyá náà láre, owó gbà-má-bínú sì lé ní pọ́n-ùn mílíọ̀nù 5.

Ẹ̀yin aboyún, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò. Bí ẹ bá ti bí ọmọ ńlá rí, ẹ sọ ọ́. Ẹ̀yin ọkọ àti ìyá ọkọ, ẹ má fi àdúrà bíbí bí obìnrin Hébérù pa aboyún lẹ́nu mọ́ bí ó bá ń béèrè nípa iṣẹ́ abẹ. Ẹ má sì gbọ́kàn lé àwòrán ọmọ inú tí ẹ̀rọ ń yà nìkan, ó máa ń ṣi ìwọ̀n ọmọ sọ, èjìká ọmọ tí kò tóbi náà sì ń há. Ẹ bi wọ́n léèrè kí ìrọbí tó dé: “Bí èjìká bá há, kí lẹ ó ṣe?” Ilé ìgbẹ̀bí tí kò bá ní ìdáhùn gidi fún yín, ẹ má bímọ síbẹ̀.