Òòfà, Ìfàmọ́ra àti Irú-Ìmì: Orúkọ fún Ẹ̀kọ́ Ìràwọ̀ Níútírọ́ọ̀nù

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà 'òòfà' ti ń da olùkọ́ láàmú tó inú ẹ̀kọ́ nípa ìràwọ̀ níútírọ́ọ̀nù. Òòfà ni wọ́n ń pe irin tí ń fa irin. Òun náà ni àwọn atúmọ̀ kan fi ń pe agbára tí ń fa ọsàn bọ́ sílẹ̀. Ìràwọ̀ yìí sì ní méjèèjì ní ọ̀pọ̀ yanturu. Òòfà rẹ̀ ni ó ń mú kí ó máa rán ìgbì rédíò jáde, èyí tí Jocelyn Bell kọ́kọ́ rí ní Cambridge ní 1967. Ṣùgbọ́n ìgbì kejì, tí Einstein sọ tẹ́lẹ̀ ní 1916, kì í ṣe ti òòfà rárá. Bí atúmọ̀ bá kọ 'ìgbì òòfà', èwo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú? 'Ìgbì ìfàmọ́ra' ni ó yẹ ti Einstein, nítorí òòfà a máa yan ohun tí yóò fà, ìfàmọ́ra kì í yan: irin, omi, ìmọ́lẹ̀ pàápàá, gbogbo rẹ̀ ni ó ń fà.

Bí òkòtó ni ìràwọ̀ náà ṣe ń ràn. Èyí tí wọ́n ń pè ní Crab ń yí ní nǹkan bí ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí òkòtó bẹ́ẹ̀ bá rí rìbìtì láìlábùkù, kò ní í mú ìgbì ìfàmọ́ra jáde. Bí kókó kékeré bá wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò máa mú un jáde láìdáwọ́dúró, ní ìlọ́po méjì iye yíyí rẹ̀. Ìgbì tí ẹ̀rọ LIGO ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbà ní 2015 kò pé ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti ìràwọ̀ tí ń ràn yóò máa bọ̀ fún ọdún gbọọrọ, ayé yóò sì máa yí ẹ̀rọ náà kiri, tí yóò fi ṣeé ṣe láti mọ irú ìmì kan yàtọ̀ sí òmíràn.

Níhìn-ín ni ìdánwò wà. Irú ìmì méjì péré ni tíọ́rì Einstein gbà: ohun tí ìgbì bá kọjá lára rẹ̀ yóò gùn lóòró bí ó ti ń fún pọ̀ níbùú, lẹ́yìn náà yóò yí i pa dà, èkejì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ láti igun dé igun. Tíọ́rì tí Brans àti Dicke gbé kalẹ̀ ní 1961 fi ẹ̀kẹta kún un: ohun náà yóò máa fẹ̀, yóò sì máa fún pọ̀ yíká lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Àwọn tíọ́rì kan gbà tó mẹ́fà.

'Ìhà-ìmì' ni ó kọ́kọ́ ń wá sí atúmọ̀ lọ́kàn, kò sì burú fún ìmọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìhà wo ni ẹwìrì dojú kọ? 'Irú-ìmì' ni ó gba gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, àmọ́ atúmọ̀ tí ó bá yan 'ìhà' ti dá Brans àti Dicke lẹ́bi kí ẹ̀rọ tó gbọ́ ẹjọ́ wọn.

Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, wọ́n tẹ́tí sí ìràwọ̀ 200 bóyá irú-ìmì tí Einstein kò gbà wà níbẹ̀. Wọn kò rí ìkankan. Títí di òní, wọn kò tíì gba ti Einstein gan-an lára irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, wúnrẹ̀n tí ó yẹ gbólóhùn ìwé ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀ ni 'yóò' tàbí 'lè', kì í ṣe 'ti'.