ẸKÚN TÍ ÌRÈTÍ WÀ NÍNÚ RẸ̀

Bíbélì kíkà: Ẹkún Jeremiah 3:1-33

Ẹnìkan lè bèèrè pé kí ló dé tí a fi mú ẹ̀kọ́ lórí ẹkún wá sí ọjọ́ ayọ̀. Ìdáhùn wa ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó wọ aṣọ funfun wá lónìí ni inú rẹ̀ ń dùn. Ẹlòmíràn sin ọmọ láìpẹ́ yìí. Ẹlòmíràn wáṣẹ́ títí, ó sì ń bi ara rẹ̀ pé, "Kí ni mo tilẹ̀ wá ṣe láyé?" Àwọn ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún, àti àwa tí a jókòó tì wọ́n.

1. ÌTÀN ÌWÉ NÁÀ

Ní nǹkan bí ọdún 586 kí a tó bí Jésù, àwọn ọmọ ogun Nebukadinésárì, ọba Bábílónì, fọ́ Jerúsálẹ́mù. Wọ́n ti kọ́kọ́ dó ti ìlú náà títí ebi fi ń pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ nígboro. Wọ́n sun Tẹ́ḿpìlì, wọ́n wó odi, wọ́n sì kó ènìyàn nígbèkùn. Inú ìparun yìí ni ewì márùn-ún tí à ń pè ní Ẹkún Jeremiah ti jáde. Láti ayébáyé ni a ti gbà pé Jeremiah ló kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé náà kò dárúkọ ẹni tó kọ ọ́.

2. ỌGBỌ́N INÚ EWÌ NÁÀ

Ohun kan wà tí Bíbélì Yorùbá wa kò lè fi hàn. Lẹ́tà 22 ló wà nínú ábídí èdè Hébérù. Orí 1, 2 àti 4 ní ẹsẹ 22 lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló sì bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kan. Ní orí 3, lẹ́tà kan gba ẹsẹ mẹ́ta, ó di 66. Ṣé ẹ rí i? Akéwì yìí kò kàn ń ké ṣáá. Ó to ẹkún rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ábídí dé òpin, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ohunkóhun ṣẹ́kù tí òun kò sọ fún Ọlọ́run. Àwọn baba wa náà mọ irú ọgbọ́n yìí. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹkún ìyàwó ni ọmọbìnrin fi ń dágbére fún àwọn òbí rẹ̀. Omijé ni, ewì ni, síbẹ̀ ilé tuntun ló ń lọ.

3. IBI TÍ ÌRÈTÍ WÀ

Ìrètí náà kò sí ní ìparí ìwé. Àárín gbùngbùn ló wà, ní orí 3, láti ẹsẹ 21. Kí ló yí padà níbẹ̀? Wọn ò tíì tún odi mọ. Àwọn ìgbèkùn ò tíì padà. Ó kàn rántí irú ẹni tí Ọlọ́run jẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ó tún sunkún, ẹ̀dùn ọkàn ló sì fi parí orí 5. Ọdún 538 ni Kírúsì, ọba Páṣíà, ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí àwọn ìgbèkùn máa lọ sílé. Akéwì kò rí ọjọ́ náà níwájú nígbà tó di ìrètí mú.

4. Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́

(a) Ẹkún kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ jẹ́ ká yé sọ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ pé, "Dákẹ́, onígbàgbọ́ kì í sunkún." Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Odidi ìwé kan ni Bíbélì fi sílẹ̀ fún ẹkún.

(b) Ìrètí kì í dúró de ìgbà tí nǹkan bá dára. Nínú ìṣòro gan-an ni à ń dì í mú.

(d) Ayé ẹni tó ń jìyà kò di asán. Títí di òní, àwọn Júù ń ka ìwé yìí lọ́dọọdún ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ábù, tí wọ́n ń rántí ìparun Tẹ́ḿpìlì. Ohun tí ẹnìkan kọ nínú ìbànújẹ́ ti di ẹnu fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí kò mọ ohun tí wọn ìbá wí.

ÌBÉÈRÈ FÚN KÍLÁÀSÌ

1. Kí ni akéwì rántí tó fi ní ìrètí?
2. Ta ni nínú ìjọ wa tí a ti pa lẹ́nu mọ́, tó yẹ ká jókòó tì kó lè sọ ti inú rẹ̀?

Kí Olúwa nu omijé gbogbo ẹni tó ń sunkún láàárín wa nù, kó sì fún àwa tó kù ní etí tí a ó fi gbọ́ tiwọn. Àmín.